Kí kọ̀ǹpútà géèmù yín tó jẹ owó yín, ẹ bi í ní ohun tó ń ṣe é

Ọ̀sán ni mo fi ń ṣe pósítà òkú, kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ àti káàdì ìgbéyàwó lórí kọ̀ǹpútà mi, ní Abẹ́òkúta níbí. Tó bá di alẹ́, èmi àti àbúrò mi a máa gbá bọ́ọ̀lù lórí ẹ̀. Ọwọ́ ara mi ni mo fi tò ó ní 2019: processor (ọpọlọ ẹ̀rọ) Ryzen 5 2600, bọ́ọ̀dù B450 tí gbogbo wọn jókòó lé, ẹyọ RAM (àyè iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́) kan ṣoṣo tó jẹ́ 8GB, háàdì dísìkì 1TB, graphics card GTX 1050 Ti tó ń ya àwòrán (káàdì ni màá máa pè é), àti power pack kan tó ń pín iná fún wọn, tí wọ́n kọ 600W gàdàgbà sí lára. Nígbà yẹn, ó ń sáré bí ẹtu. Nígbà tó fi máa di ọdún tó kọjá, tí a bá ṣí EA Sports FC, géèmù bọ́ọ̀lù wa, a lè po ẹ̀bà kó tó gbé wa dé orí pápá. Tí eré bá wá bẹ̀rẹ̀ tán, àwòrán á kàn dúró gbagidi níbi tí wọ́n ti fẹ́ gbá kọ́nà. Kó tó tún rìn, bọ́ọ̀lù ti wà nínú àwọ̀n mi.

Àbúrò mi ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jẹ́ ká kúkú ta á, ká ra tuntun." Ọ̀rọ̀ ẹni tí kì í sanwó iná nìyẹn. ₦300,000 ni mo ní lọ́wọ́, owó kàlẹ́ńdà ìparí ọdún. Kò lè ra kọ̀ǹpútà géèmù tuntun tó nítumọ̀, àmọ́ ó tó láti fi gbé èyí tó wà nílẹ̀ dìde, tí mo bá ti mọ ibi tó yẹ kí owó náà lọ. Ẹni tó ń ta káàdì, káàdì ló máa ní kí ẹ rà. Ẹni tó ń ta RAM, RAM ni. Ẹ̀rọ yín nìkan ni kò ní ọjà kankan láti tà fún yín, òun ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ bi.

Bí a ṣe ń bi í

MSI Afterburner, ètò tó ń wọn bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣiṣẹ́, ni mo lò. Ọ̀fẹ́ ni, kò sì dìgbà tí káàdì yín bá jẹ́ ti MSI kó tó ṣiṣẹ́. Ẹ fi sórí ẹ̀rọ pẹ̀lú RivaTuner tó máa ń bá a wá, kí ẹ ní kó máa kọ nọ́ńbà sí igun ojú mọ́nítọ̀ nígbà tí ẹ bá ń gbá géèmù: bí káàdì ṣe ń ṣiṣẹ́ sí, bí processor ṣe ń ṣiṣẹ́ sí, iye RAM tó ti kún, àti bí ara wọn ṣe gbóná tó. Lẹ́yìn náà, ẹ gbá géèmù tí ẹ máa ń gbá lójoojúmọ́ fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Mo ní èyí tí ẹ máa ń gbá o, kì í ṣe èyí tí ẹ rí lórí YouTube tó ń wù yín.

Tí káàdì bá wà ní 95 sí 99 nínú ọgọ́rùn-ún ní gbogbo ìgbà, a jẹ́ pé òun ló ń sa gbogbo ipá rẹ̀, àwọn tó kù ń dúró dè é. Tí káàdì bá wà ní 60 péré, tí àwòrán ò sì yọ̀ dáadáa, processor ni kò tètè gbé iṣẹ́ fún un. Ẹ ṣọ́ra níbí. Nọ́ńbà processor lápapọ̀ máa ń tan èèyàn jẹ. Ryzen 5 2600 ní core mẹ́fà (bí òṣìṣẹ́ mẹ́fà nínú ilé kan) tó ń ṣe iṣẹ́ méjìlá lẹ́ẹ̀kan náà. Géèmù lè ti fún core kan pa nígbà tí àpapọ̀ ṣì ń kọ 35. Ẹ ní kí Afterburner fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn hàn. Tí ọ̀rọ̀ náà ò bá sì tíì dá yín lójú, ẹ dín àwòrán kù láti 1080p sí 720p. Tí iye fréèmù (àwòrán tó ń yọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan) bá fò sókè, káàdì ni ìṣòro. Tó bá dúró síbi tó wà, processor ni.

Èyí tó kù ni RAM. Tí ẹ bá rí i tó wà ní 7.5 nínú 8GB, ẹ ṣí Task Manager kí ẹ wo háàdì dísìkì. Tó bá ti lọ sí 100%, Windows ti ń fi háàdì ṣe RAM nìyẹn, bí ẹni tí kò rí àyè nílé mọ́ tó wá ń kó ẹrù síta. Ibẹ̀ ni àwòrán ti ń dúró.

Lára tèmi, RAM ti kún dẹ́nu, háàdì ń jà fitafita, káàdì wà ní 98, kò sì rẹ processor rárá, àmọ́ ó gbóná dé 88°C. Bẹ́ẹ̀, ọ̀rẹ́ mi kan ti ń sọ fún mi fún oṣù mẹ́ta gbáko pé kí n pààrọ̀ processor.

Èyí tí kò ná wa ní nǹkan

Ẹ ṣí kéèsì. Ọyẹ́ Abẹ́òkúta kì í ṣe ọyẹ́ ẹ̀rín. Ohun tí mo bá nínú tèmi dà bí èlùbọ́ tí wọ́n dà sílẹ̀. Ẹ yọ wáyà iná kúrò pátápátá, ẹ tẹ bọ́tìnì tí a fi ń tàn án mọ́lẹ̀ díẹ̀ kí iná tó kù sínú lè jáde, kí ẹ sì fọwọ́ kan irin kéèsì kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ àti blower ni mo fi ń ṣe é. Tí ẹ bá ń fẹ́ atẹ́gùn sí fáànù, ẹ fi ìka dì í mú kó má máa yí, torí blower lè yí i kọjá bó ṣe yẹ kó bà á jẹ́.

Mo pààrọ̀ paste orí processor náà, ìyẹn ọ̀rá tó ń gbé ooru láti ara rẹ̀ lọ sí kúlà tó ń tù ú. Ibẹ̀ ni mo ti ṣìṣe. Mo kàn fa kúlà sókè, paste tó ti gbẹ mú processor dání, ó fà á yọ lórí bọ́ọ̀dù, pin méjì sì tẹ̀. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń pa àmúkùrù ẹ̀pọ̀n: bíléèdì ni mo fi ń gbé pin náà dìde díẹ̀díẹ̀, àbúrò mi ń tan tọ́ọ̀ṣì, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú àwa méjèèjì títí mo fi parí. Kí tiyín má baà rí bẹ́ẹ̀, ẹ fi géèmù mú ẹ̀rọ gbóná fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ pa á, ẹ yí kúlà sọ́tùn-ún sósì kí ó kọ́kọ́ tú, kí ẹ tó gbé e. Gbogbo wàhálà yẹn, ooru wálẹ̀ láti 88 sí 71.

Ẹ wọ inú BIOS náà, ètò inú bọ́ọ̀dù tó ń ṣí kí Windows tó dé. RAM mi, 3200 ni wọ́n kọ sí i lára, 2400 ló ń sá láti ọjọ́ tí mo ti rà á, torí mi ò tan XMP rí, ètò tó ń jẹ́ kí RAM sá bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sí i lára. Bọ́ọ̀dù mìíràn ń pè é ní DOCP tàbí A-XMP. Àwọn Ryzen fẹ́ràn RAM tó yára, èrè rẹ̀ máa hàn sí yín lójú.

Nínú géèmù fúnra rẹ̀, òjìji ni kí ẹ kọ́kọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Òun ló ń jẹ agbára jù lójú tèmi, kò sì sẹ́ni tó ń wo òjìji nígbà tí wọ́n bá fẹ́ gba gólù wọlé. Tí géèmù yín bá ní FSR, ọgbọ́n tó ń ya àwòrán kékeré kó tó fẹ̀ ẹ́, ẹ tàn án: AMD ló ṣe é, àmọ́ FSR 1 àti 2 ń ṣiṣẹ́ lórí káàdì Nvidia àtijọ́ bíi 1050 Ti náà.

Kí ẹ sì wo mọ́nítọ̀ yín. Tèmi, 60Hz ni. Ìyẹn ni pé nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, àwòrán 60 ló lè fi hàn, ì báà jẹ́ 200 ni káàdì ń kó fún un. Nítorí náà, fréèmù 60 tí kì í já ni mo ń wá. Ẹni tó ń gbá Valorant, géèmù ìbọn, lórí 144Hz, ìṣirò tirẹ̀ yàtọ̀ sí tèmi. Processor ló máa kọ́kọ́ ká a lọ́wọ́ kò.

Power pack, ohun tí ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ ná owó lé

Ní alẹ́ ọjọ́ kan ní 2020, NEPA mú iná wá pẹ̀lú agbára tó fi jẹ́ pé gílóòbù mọ́lẹ̀ bí oòrùn. Mo gbọ́ "pàù" lábẹ́ tábìlì, òórùn rọ́bà tó jó sì gba gbogbo yàrá. Power pack mi ló lọ. Orí ló bá mi ṣe é tí kò mú bọ́ọ̀dù lọ. Òmùgọ̀ ni mí o, irú rẹ̀ gan-an ni mo tún padà lọ rà, òun ló sì wà nínú ẹ̀rọ títí di ọdún tó kọjá.

Bí ẹ ṣe máa mọ òtítọ́ nìyí. Ẹ má wo nọ́ńbà ńlá tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ wo páálí kékeré tó wà lára rẹ̀, kí ẹ wá ibi tí wọ́n kọ +12V sí, torí ibẹ̀ ni processor àti káàdì ti ń jẹun. Tèmi, 18A ni. Ẹ fi 12 sọ 18 di púpọ̀: 216W. 600 tí wọ́n kọ yẹn, àdúrà ni wọ́n ń gbà. Èyí tó dára tó jẹ́ 550W, +12V rẹ̀ máa ń tó 40A tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ẹ wá àmì 80 Plus (àmì pé kì í fi iná ṣòfò) lára rẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ́wọ́ wò: ayédèrú máa ń fúyẹ́ bí páálí bísíkíìtì.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n ta 850W fún yín lásán. Processor mi kì í jẹ tó 100W, káàdì tí mo fẹ́ rà ń jẹ 125W, àwọn tó kù ò ju 50W lọ. Gbogbo rẹ̀ kò dé 300W. 550W ojúlówó tó, ó tún ṣẹ́ kù.

Ọ̀rọ̀ UPS wà níbẹ̀ pẹ̀lú. 650VA kì í ṣe 650W o. Púpọ̀ nínú wọn ò ju 360 sí 390W lọ. Àti pé iná tí àwọn UPS kékeré àti íńvátà olówó pọ́ọ́kú ń pèsè kì í ṣe èyí tó ń lọ geere bíi ti NEPA, ńṣe ló ń fò bí àtẹ̀gùn. Àwọn power pack tuntun tó ní active PFC (ètò tó ń tún bí wọ́n ṣe ń fa iná ṣe) kì í fẹ́ràn rẹ̀. NEPA á mú iná, UPS á gbà á, ẹ̀rọ á ṣì kú. Ẹ dán an wò nílé: ẹ tọ́jú gbogbo iṣẹ́ yín, ẹ ṣí géèmù, kí ẹ wá fa wáyà UPS yọ lára ògiri. Tó bá kú, ẹ ti mọ̀. Tí ẹ bá máa ra íńvátà, ẹ béèrè fún pure sine wave.

Ní ti jẹnẹrétọ̀ kékeré, I-better-pass-my-neighbour, mi ò kì í gbá géèmù lórí ẹ̀. Iná rẹ̀ ń gòkè ń sọ̀ kalẹ̀ bí ọkọ̀ tó wọ gọ́tà, láti ìgbà tí ìjọba sì ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní May 2023, gólù kan lórí jẹnẹrétọ̀ wọ́n ju wúrà lọ.

RAM àti SSD

Méjèèjì yìí ni mo kọ́kọ́ rà, àwọn náà ló sì mú ìyípadà tó hàn jù wá. RAM: ẹ má ra ẹyọ kan 16GB kí ẹ sì ju 8GB àtijọ́ nù. Mo ra 8GB mìíràn tó bá tèmi dọ́gba, 3200 bákan náà, ó di 16GB, méjèèjì sì ń gbé iṣẹ́ lọ pọ̀ bí ẹni tó fi ọwọ́ méjì gbé agbọ̀n. Tí bọ́ọ̀dù yín bá ní ihò mẹ́rin, tí ẹ bá kà á láti ọ̀dọ̀ processor, ihò kejì àti ìkẹrin ni kí ẹ ki wọ́n sí. Tí ẹ bá tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú èkíní àti èkejì, wọ́n á ṣiṣẹ́, àmọ́ ọwọ́ kan náà ni ẹ ṣì ń lò.

SSD, ìyẹn ibi ìpamọ́ tó yára ju háàdì lọ, ò ní fi fréèmù kún géèmù yín. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ń parọ́. Ohun tó máa ṣe ni kí ẹ má po ẹ̀bà mọ́ kí géèmù tó ṣí. Háàdì dísìkì ń ka bíi 150MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan, SSD onísàtà (SATA, irú ìsopọ̀ kan náà tí háàdì ń lò) bíi 550MB, NVMe (irú SSD tó yára jù ú lọ) tó bá B450 mu á tó 3,500MB. Ẹ wo ihò M.2 (ihò tí a ń ki SSD pẹlẹbẹ sí) inú ìwé bọ́ọ̀dù yín dáadáa kí ẹ tó sanwó, torí M.2 onísàtà àti M.2 NVMe jọra bí ìbejì, bẹ́ẹ̀ ihò mìíràn ò gba méjèèjì. 512GB ni mo rà. Géèmù bọ́ọ̀lù yẹn nìkan fẹ́ àyè 100GB, nítorí náà 256GB á tètè kún. Háàdì àtijọ́ ṣì wà nínú kéèsì, pósítà àwọn oníbàárà ló ń kó.

Nígbà tí mo ti dé ibẹ̀, mo fi Windows 11 tuntun sórí SSD náà, torí Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ní 14 October 2025. Ryzen 2600 wà lára àwọn tí wọ́n gbà. fTPM, ètò ààbò tí Windows 11 ń béèrè, nìkan ni mo ní láti tàn nínú BIOS.

Káàdì

Ìdajì owó mi ló lọ síbí, ẹ̀rù rẹ̀ ló sì ń bà mí jù, torí wọ́n ti fi ojú mi rí nǹkan. Ní 2021, nígbà tí àwọn tó ń wa owó kírípítò gbé gbogbo káàdì lọ, mo ra ohun tí wọ́n pè ní GTX 1060 6GB lọ́wọ́ ẹnì kan ní Èkó. Ó ní ihò VGA aláwọ̀ búlúù lẹ́yìn. Ó yẹ kí n ti mọ̀ níbẹ̀: kò sí káàdì Nvidia kankan nínú àwọn GTX 10 tó ń gbé VGA jáde tààrà. Nígbà tí mo délé tí mo ṣí GPU-Z, ètò tó ń sọ irú káàdì tó wà nínú ẹ̀rọ, mo rí [FAKE] níwájú orúkọ rẹ̀. GTS 450 ni wọ́n wọ̀ ní agbádá, káàdì 2010! Ẹni tó tà á ti pa fóònù rẹ̀.

Lọ́tẹ̀ yìí, mo wọ rélùwéè láti Abẹ́òkúta, mo sọ̀ ní Agége, mo ti ibẹ̀ gba Ìkẹjà lọ sí Ọ̀tìgbà, tí gbogbo ayé ń pè ní Computer Village. Flash drive wà lápò mi, GPU-Z, FurMark (tó ń fi iṣẹ́ líle dán káàdì wò) àti CrystalDiskInfo (tó ń sọ ìlera dísìkì) wà lórí ẹ̀. Rúlà náà wà lápò mi, torí mo ti wọn gígùn àyè inú kéèsì mi kí n tó kúrò nílé.

Mo ti mọ ohun tí mo ń wá. RX 6600 tòkunbọ̀ ló dára jù: 8GB, 132W péré. Àmọ́ owó rẹ̀ á ti jẹ owó power pack, mo sì ti sọ fún yín nípa "pàù". RX 6500 XT wà nínú páálí tuntun, owó rẹ̀ fani mọ́ra. Ẹ sá fún un tí bọ́ọ̀dù yín bá jẹ́ irú tèmi. Ọ̀nà mẹ́rin péré ni òun ń lò láti bá bọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀, 4GB ló sì ní, lórí PCIe 3.0 (ihò káàdì) ti B450 ńṣe ló máa ń fún un lọ́rùn. RX 580 pọ̀ lọ́jà bí iyanrìn, àmọ́ 185W ló ń jẹ, àwọn kan nínú wọn sì jẹ́ 2048SP, èyí tó jẹ́ RX 570 tó yí orúkọ padà. Nínú GPU-Z, ibi tí wọ́n kọ Shaders sí ni kí ẹ wò: 580 gidi, 2304 ni.

GTX 1660 Super ni mo mú, 6GB, 125W, wáyà onípin mẹ́jọ kan ṣoṣo. Ọmọkùnrin tó ń tà á ní, "Ẹ̀gbọ́n, tòkunbọ̀ pọ́ńbélé ni, kò lálèébù." Mo ní, "Àbúrò, mo gbà yín gbọ́, ẹ ṣáà jẹ́ kí n dán an wò." Mo wo GPU-Z. Mo sá FurMark fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ojú mi ò kúrò lára ooru àti fáànù: bóyá ó ń ké, bóyá àwọn àmì aláwọ̀ mèremère ń yọ lójú àwòrán. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ti fi wa kírípítò rí, torí nígbà tí Ethereum, ọ̀kan nínú àwọn owó kírípítò, dá wíwa owó pẹ̀lú káàdì dúró ní 15 September 2022, irú wọn ya wọ ọjà. Ìyẹn nìkan kò bà mí lẹ́rù. Fáànù tó ń mì àti skúrù tí wọ́n ti tú lójú ló ń bà mí lẹ́rù. Mo gba rìsíìtì, mo ní kí ó kọ nọ́ńbà ara káàdì náà sí i, pẹ̀lú gbàrántì ọjọ́ méje. Ọjọ́ méje yẹn, ẹ lò ó: ẹ gbá géèmù lójoojúmọ́, kí àbùkù tó wà níbẹ̀ lè tètè yọjú.

Nílé, wáyà onípin mẹ́jọ tó wá láti inú power pack gan-an ni mo kì bọ̀ ọ́. Ẹ má ṣe lo àwọn adápítọ̀ kékeré tó ń so wáyà háàdì mọ́ káàdì. Kí ẹ sì rántí ki wáyà mọ́nítọ̀ sí ara káàdì, kì í ṣe sí ara bọ́ọ̀dù. Mo mọ ẹnì kan tó lo oṣù kan gbáko kó tó mọ̀. Kì í ṣe èmi.

Processor, tó bá di ọdún tó ń bọ̀

Báyìí, FC ń sáré ní 60 láìjá, kọ́nà ò dúró mọ́. Tí mo bá rí owó lẹ́yìn Iléyá, Ryzen 5 5600 ni mo máa gbé sórí bọ́ọ̀dù yìí kan náà. Adùn AM4 nìyẹn, irú ihò processor tó wà lórí bọ́ọ̀dù mi. Tí mo bá ní kí n lọ sí AM5, mo ní láti ra bọ́ọ̀dù àti RAM DDR5 mọ́ ọn. Ẹ má gba 5600G tí wọ́n bá ní "ọ̀kan náà ni". 16MB ni cache L3 (ìrántí kékeré inú processor) tirẹ̀, 32MB ni ti 5600.

Kí ẹ tó yọ processor àtijọ́, ẹ kọ́kọ́ fún bọ́ọ̀dù ní BIOS tuntun, torí BIOS àtijọ́ ò ní dá 5600 mọ̀. Ẹ má fi iná NEPA lásán ṣe é. Tí iná bá lọ láàárín iṣẹ́ náà, bọ́ọ̀dù lè di òkú. UPS tó ti kún ni kí ẹ gbé e lé, kí ẹ sì kìlọ̀ fún ará ilé pé kí wọ́n má tan áyọ́ọ̀nù.

Ẹnì kan ti fẹ́ ra 1050 Ti àtijọ́ lọ́wọ́ mi, mo ní rárá. Ryzen 2600 ò lè gbé àwòrán jáde fúnra rẹ̀, 5600 náà ò lè ṣe é. Ọjọ́ tí 1660 yìí bá ṣe bí ẹni ń kú, tí mo sì ní pósítà òkú láti fi jíṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, òun ni màá fi ríran. Orí wọ́dúróòbù ló wà, nínú páálí rẹ̀, pẹ̀lú skúrù méjì tó ń dè é.